Àgbà Méjì ní Kíláàsì Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá

Bí fíríìjì bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgándò, Múdàṣírù Ọláoyè ni wọn yóò júwe fún ọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ga, ó dúdú, kì í pariwo. Kì í mú irinṣẹ́ kankan kó tó kọ́kọ́ gbé etí lé ara ẹ̀rọ. "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń mí ná," ni yóò wí, yóò sì di ojú rẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀ ni pé lábẹ́ tábìlì tó ti ń ṣiṣẹ́, nínú páálí ńlá kan, ìwé ló wà níbẹ̀: ìwé ewì, ìwé eré, ìwé ìtàn, gbogbo rẹ̀ pátá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ń fi wọ́n pamọ́ ni. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ onífíríìjì bá bá ewì Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò ní í tán títí ọdún yóò fi yí po. "Múdà, fíríìjì wo ló ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?" Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé girama nígbà náà, olùkọ́ rẹ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Míìsì Matilda sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé bí ẹnì kan bá máa ti ibẹ̀ lọ kọ́ nípa lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, Múdàṣírù ni. Ṣùgbọ́n òkú ti sùn, ẹbí ti pàdé, wọ́n ti ní kí ó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìkòtún, kó lọ kọ́ṣẹ́. Ó kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ náà sì ń bọ́ ọ. Síbẹ̀, láti ọdún yẹn, bó bá rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí nǹkan tí olùkọ́ wí, nǹkan kan á fà á nínú, bí ìgbà tí èèyàn bá gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ nílé onílé.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n pè é lọ sí ilé kan ní Ẹgbẹ́dá. Bàbá tó ni ilé náà ni Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, ọmọ Oǹdó, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó fi kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Firísà rẹ̀ ni kò tutù mọ́. Ìwé kún ògiri pálọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ títí kan òkè. Múdàṣírù tún firísà náà ṣe tán, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró níwájú ìwé wọ̀nyí, ó ń ka ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé nǹkan sọnù ni?" Bàbá náà bi í.

"Rárá o, sà. Mo ti ka èyí rí ni." Ó na ìka sí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan. "Nígbà tí mo wà ní SS2."

Bàbá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí lo rò nípa obìnrin inú rẹ̀, èyí tó kọ̀ láti padà sílé?"

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹnikẹ́ni kò ti bi Múdàṣírù ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tú lẹ́nu rẹ̀ bí omi tí wọ́n ṣí fún. Ó sọ nípa obìnrin náà, ó sọ nípa ọkọ rẹ̀, ó sọ ìdí tí obìnrin náà kì í fi í ṣe ìkà. Nígbà tó fi máa dákẹ́, tíì ti tutù lọ́wọ́ bàbá náà.

"Mo ń kọ́ àwọn kan lókè yìí," Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá wí, "fún ìdánwò A-level. Ẹni tó bá yege, ọdún kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Oṣù kẹfà ni ìdánwò."

"Mo ti dàgbà jù, sà."

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Aago mẹ́sàn-án, Sátidé. Má pẹ́ o."

Ọmọdé méje ló bá nínú kíláàsì náà ní Sátidé, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé girama, àti obìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Obìnrin náà fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ bo ẹ̀yìn gbogbo ìwé rẹ̀ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fọláṣadé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ń pè é ní Mọ́mì.

"Èmi kì í ṣe mọ́mì yín," ó wí fún wọn, "kíláàsì kan náà la jọ wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," Tolú tó láya jù nínú wọn dáhùn, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Fọláṣadé náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Múdàṣírù rí ojú rẹ̀ láìsí awò. Ojú náà rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì mọ́. Nǹkan tó rí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbé e délé.

Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ló so wọ́n pọ̀. "Ẹ̀yin àgbà méjèèjì, ẹ jọ máa kàwé. Àwọn ọmọdé wọ̀nyí ní àkókò púpọ̀, ẹ̀yin ò ní."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí Fọláṣadé bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé tó ń gbé ní Gowon Estate. Ìta gbangba ni, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ. Ìyá Mary tó ń gbé nísàlẹ̀ á gbé àga tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, á máa ṣa ẹ̀wà, á sì máa wò wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ìwé yìí kì í tán ni?"

"Ó pọ̀, mà," Múdàṣírù dá a lóhùn.

"Mo rí i," ni ìyá náà wí, ó sì ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ewì ló ń dààmú Fọláṣadé. Ó lè ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kó má sì mọ ohun tó ń dun akéwì. Múdàṣírù ní kó má tíì wá ìtumọ̀ rárá. "Ẹ kà á sókè, Àǹtí. Ẹ gbọ́ ibi tí èémí ti já. Bí ẹ̀rọ ṣe rí náà nìyẹn. Ibi tó bá ti dánu dúró lójijì, ibẹ̀ ni àrùn rẹ̀ wà." Fọláṣadé kà á sókè. Nígbà tó dé ìlà kẹjọ, ohùn rẹ̀ já. Ó wo Múdàṣírù tìyanu-tìyanu.

"Ẹni náà ti kú," ó wí jẹ́ẹ́. "Ẹni tí akéwì ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Òun náà sì kọ́ Múdàṣírù bí wọ́n ṣe ń kọ èsì. Gẹ̀ẹ́sì Múdàṣírù ti dípẹtà, àwọn gbólóhùn rẹ̀ á gùn títí wọn á fi sọnù sọ́nà. "Má sọ fún olùdánwò pé ewì náà dára," Fọláṣadé á wí. "Ó mọ̀ pé ó dára, òun ló yàn án. Sọ ohun tó ṣe, kí o sì fi ìlà tó ti ṣe é hàn án." Á fi pẹ́ńsù pupa gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á dá a padà fún un. Múdàṣírù kò sọ ọ̀kan nínú àwọn bébà wọ̀nyẹn nù.

"O" ni Fọláṣadé ń lò fún un láti ọ̀sẹ̀ kẹta, gẹ́gẹ́ bí àgbà. "Ẹ" ni Múdàṣírù ń lò, "Àǹtí Fọláṣadé" ló sì ń pè é. Ọ̀rọ̀ kékeré ni "ẹ", ṣùgbọ́n bí ọgbà ló rí láàárín wọn. Láti ìta rẹ̀ ló ti ń wò ó. Ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì wá di ohun tó gùn lọ́nà tí kò gùn rí. Á wà ní Ìgándò, atẹ́gùn á gbé òórùn ààtàn Solous wá, àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ á máa ké "Ìyànà Ìpájà, Ìyànà Ìpájà" lójú títì, òun á sì wà lẹ́bàá fíríìjì tó ṣí sílẹ̀, á máa ro ohun tí Fọláṣadé máa sọ nípa orí kẹsàn-án. Kò pe nǹkan náà lórúkọ. Ó gbà pé ìwé ló ń wù ú.

Ní oṣù kejì, firísà Fọláṣadé fúnra rẹ̀ kò tutù mọ́. Ó ní kí Múdàṣírù wá wò ó, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu kí Ìyá Mary lè máa rí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Múdàṣírù máa wọ ilé náà nìyẹn. Aago méjì ló wà lára ògiri pálọ̀. Ọ̀kan sọ pé aago mẹ́rin ti kọjá. Èkejì wà ní mẹ́sàn-án kọjá.

"Àǹtí, aago yìí ti bàjẹ́. Mo lè bá yín tún un ṣe."

Fọláṣadé kò yíjú padà níbi tó ti ń bu omi fún un. "Kò bàjẹ́. Aago ti Charles ni."

Nígbà náà ló wá sọ ọ́. Charles ni ọkọ rẹ̀. Ó ti lọ sí Kánádà láti ọdún mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ láti fún Fọláṣadé ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, ẹ̀ẹ̀kẹta tó béèrè ló wà lọ́hùn-ún báyìí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni Charles ń pè é. Bí Fọláṣadé bá jí láàárọ̀, aago yẹn ló kọ́kọ́ ń wò, kó lè mọ̀ bóyá ọkọ òun ti sùn.

"Àwọn èèyàn ń sọ pé ó ti gbàgbé mi," ó wí. "Kò gbàgbé mi. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi ló ti ń gbàgbé rẹ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń gbìyànjú láti rántí bó ṣe ń rìn, n ò ní rí i."

Múdàṣírù kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn firísà, ó gbé etí lé e. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ kó tó rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ náà ló dákẹ́, ọkàn òun ló ń lù tó borí gbogbo rẹ̀.

Ìwé ìtàn tí wọ́n yàn fún wọn lọ́dún náà dá lórí ọkùnrin kan tó ń tukọ̀ lórí odò. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ń gbé opó kan sọdá lọ sọ́jà ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sọ. Lọ́jọ́ kan, opó náà kò wá mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ti kìlọ̀ fún wọn pé ìbéèrè máa jáde láti ibẹ̀.

"Ojo ni," Fọláṣadé wí lábẹ́ igi máńgòrò. "Ọdún mọ́kànlá! Kí ló ń dúró dè?"

"Kì í ṣe ojo, Àǹtí. Ó bọ̀wọ̀ fún un ni. Obìnrin náà ṣì ń ṣọ̀fọ̀."

"Ta ló sọ fún un? Ṣé ó bi í ni?"

"Èèyàn máa ń mọ̀ láìbéèrè."

"Èèyàn kì í mọ̀, Múdàṣírù." Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ronú fún un. Ó ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, ó ti fi ẹnu obìnrin náà dáhùn. Ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn?"

Múdàṣírù ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá ìlà kan tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin ni ìròyìn dé. Fọláṣadé pẹ́ dé kíláàsì, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n parí, ó dá Múdàṣírù dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Wọ́n ti fún mi," ó wí. "Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Charles ti gba ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń sunkún lórí fóònù."

"Àǹtí, ẹ kú oríire." Múdàṣírù gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. "Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà ni wọ́n máa ṣe ìwé kẹta ìdánwò wọn. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ní ìsàlẹ̀, Tolú àti àwọn ọmọ tó kù ń pariwo lọ sí ojú títì.

"Kí ni kí n ṣe?" Fọláṣadé béèrè.

Èyí ni àyè tí ẹnikẹ́ni kì í fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Múdàṣírù lè sọ pé, ẹ má lọ. Ó lè sọ pé, bó bá fẹ́ràn yín lóòótọ́, á dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti gun ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí bí obìnrin náà ṣe ń wo aago yẹn, ó sì gbé e mì.

"Kí ni bọ̀ọ̀dá Charles sọ nígbà tí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní ìdánwò?"

Fọláṣadé wo ilẹ̀. "Kò mọ̀."

"Kò mọ kí ni?"

"Kò mọ̀ pé mo ń kàwé. Mi ò sọ fún un rí." Ó fọwọ́ gbá ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. "Ohun gbogbo tí mo ń ṣe láti ọdún mẹ́fà, dídúró ni. Mo ń dúró de lẹ́tà, mo ń dúró de fóònù. Mo fẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tí kì í ṣe dídúró. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, òun náà á di ara ohun tí à ń dúró dè."

"Ẹ pè wọ́n," Múdàṣírù wí. "Ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi pé èèyàn kì í ronú fún ẹlòmíràn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Charles pè. Fọláṣadé ní kí Múdàṣírù má tíì lọ. Ó rìn lọ sí ìdí ọgbà pẹ̀lú fóònù létí, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Múdàṣírù jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò purọ́ fún ara rẹ̀: ó ń gbàdúrà kí ọkọ náà bínú. Bí ọkùnrin náà bá pariwo, bó bá sọ pé kí ni obìnrin tó ti ń lọ sí ogójì ọdún fẹ́ fi ewì ṣe, ọ̀nà kan á là. Ìyá Mary ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀.

Fọláṣadé padà wá, omijé dà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, 'Ṣadé, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ǹ bá ti máa bi ọ́ ní ìbéèrè láti ibí.' Ó ní òun máa sún ọjọ́ náà síwájú. Ó ní ọdún mẹ́fà tí a ti dúró, ọ̀sẹ̀ kan kò lè pa wá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ní kí n kí olùkọ́ mi. Mo ní kì í ṣe olùkọ́ nìkan, mo ní ẹni tí a jọ ń kàwé. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Bó bá jẹ́ pé èèyàn burúkú ni Charles, ì bá rọrùn. Èèyàn rere ni. Múdàṣírù ní kí wọ́n bá òun kí i. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Gowon Estate títí dé Ẹgbẹ́dá kó tó rántí pé ọkọ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kù, wọ́n kàwé bí ẹni tí iná ń lé. Wọ́n tún ewì kọ̀ọ̀kan kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n ṣe ìdánwò àwọn ọdún tó kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ń pàdánù ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń lá oyin. Múdàṣírù kò fi nǹkan kan hàn. Àmọ́ nígbà tí Fọláṣadé bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé, òun á gbé ojú sókè, á wo bí irun ṣe wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, á sì tètè gbé ojú kúrò. Ó ń kọ́ ọ sórí ni, bí ewì tí wọn kò ní gbé ìwé rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ìwé kìíní dé, ewì, pẹ̀lú ewì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí. Múdàṣírù kà á pẹ̀lú ètè tí kò dún, ó di ojú, ó rí ibi tí èémí rẹ̀ ti já ní ìlà kọkànlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ìwé kejì le, wọ́n jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lù. Ìwé kẹta ni ti ìtàn. Ìbéèrè kejì béèrè bóyá ìdákẹ́ atukọ̀ náà jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí tàbí àṣìṣe.

Múdàṣírù mú kálàmù. Láti oṣù mẹ́ta ni èsì rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́: ọmọlúwàbí ni, ọ̀wọ̀ ni. Ó kọ ìlà kan, ó fa ìlà lé e. Ó wá kọ ohun mìíràn. Ó kọ pé atukọ̀ náà ṣe àìdáa sí obìnrin náà, nítorí pé ó fi òtítọ́ kan tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nìkan. Ó kọ pé èèyàn lè sọ òtítọ́ láìbéèrè nǹkan kan padà. Ó kọ ọ́ títí wọ́n fi gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn ọmọdé ti fò mọ́ra wọn, wọ́n ń ya fọ́tò. Fọláṣadé àti Múdàṣírù gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìyànà Ìpájà, láàárín ẹni tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti ẹni tó ń ta omi tútù. Ní àárín afárá, wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ kí èrò lè kọjá. Ọ̀nà Abẹ́òkúta wà lábẹ́ wọn, ó lọ gbọọrọ.

"Ọjọ́ márùn-ún ló kù," Fọláṣadé wí. "Múdàṣírù, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Láti oṣù kẹwàá ni o ti ń pè mí ní Àǹtí. Pe orúkọ mi, kí n gbọ́ ọ."

Múdàṣírù di irin afárá mú. Òṣìṣẹ́ kan tó gbé àpótí kọjá ti èjìká rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára.

"Fọláṣadé," ó wí. Orúkọ náà wúwo, ó sì dùn. "Fọláṣadé, ọkàn mi fà sí ọ. Ó ti pẹ́. Mi ò fẹ́ kí o ṣe nǹkan kan sí i. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni. Máa lọ bá ọkọ rẹ."

Obìnrin náà kò yíjú kúrò. "Mo mọ̀," ó wí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o fẹ́ tún aago yẹn ṣe. O ṣeun tí o sọ ọ́ fún mi." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kì í ṣe ìwọ nìkan ni ọjọ́ Ìsinmi ń pẹ́ dé fún. Ṣùgbọ́n mo ní ọkọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kò ba nǹkan kan jẹ́, àbí?"

"Kò ba nǹkan kan jẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Àǹtí. Oòrùn ti mú."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ Ìpájà ni Fọláṣadé wọ̀, ti Ìgándò ni Múdàṣírù wọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, kò lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Fíríìjì ilé oúnjẹ kan ló ń tún ṣe nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá lókè, kò sì mọ̀ bóyá òun ni. Ó wò ó títí tó fi wọ inú ìkùukùu.

Oṣù kẹsàn-án ni èsì ìdánwò jáde. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìgándò, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó mú bébà dání, níṣojú àwọn onífíríìjì mẹ́ta tó wá yá irinṣẹ́. "A lo gbà!" Bàbá náà kígbe. "Múdàṣírù, A lo gbà nínú lítíréṣọ̀! Fọláṣadé gba B!" Àwọn onífíríìjì wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Lítíréṣọ̀ bí i kí ni?" Múdàṣírù wá ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀fẹ̀ náà sì gùn, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan nínú wọn ti padà wá béèrè ní bòókẹ́lẹ́ bóyá bàbá yẹn lè kọ́ ọmọbìnrin òun.

Fọláṣadé gbọ́ èsì rẹ̀ ní Kánádà. Ó fi ohùn ránṣẹ́, ó ń pariwo, ohùn ọkùnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣe "Jésù! Jésù!" pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé ẹ̀kọ́ lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, Múdàṣírù kò sì bínú sí i.

Yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́ gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ó ń ti ṣọ́ọ̀bù, tó ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ tó lè pè é ní bàbá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fún wọn ní ìwé tuntun láti kà. Ó jókòó sórí pèpéle lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń kà á lọ, títí ó fi dé ojú ewé kan tí ìyàwó ilé kan ti rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti sunkún. Kò yé e. Ó yíjú sí ọ̀tún rẹ̀ láti béèrè, bí ìgbà tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, ẹnu rẹ̀ ti là.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wá mú pẹ́ńsù, ó kọ ìbéèrè náà sí etí ìwé, ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e.